Ohun tó ń kọ mí lóminú kí n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanrajù: báwo ni kí n ṣe bá dókítà sọ ọ́?

Aláṣọ Balógun

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín. Ọjà Balógun ni mo ti ń ta láàsì, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta sì ni mo ń gbé. Ìwọ̀n ara mi jẹ́ kílò 118, gíga mi jẹ́ mítà 1.65, èyí tó mú kí BMI mi, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi ń wo bí ìwọ̀n ara ṣe bá gíga mu, lé díẹ̀ ní 43. Orúnkún ń ro mí, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ ọ̀rọ̀ náà, gbogbo oúnjẹ tí mo sì ti ń ṣọ́ jẹ láti ọdún pípẹ́ kò mú kí ara náà fúyẹ́ títí. Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló darí mi sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ kan, wọ́n sì ti fún mi lọ́jọ́ tí a óò jókòó sọ̀rọ̀.

Ìṣòro mi ni pé bí mo bá ti jókòó síwájú dókítà, ọ̀rọ̀ á pòórá lẹ́nu mi. Wọ́n á béèrè bóyá mo ní ìbéèrè, èmi á ní kò sí, sà, n óò sì gbé gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi padà sílé. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo lè má jí mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kùn mí lóorun. Mi ò mọ̀ bóyá n óò tún lè jẹ òkèlè láyé mi. Mi ò sì mọ̀ bóyá ó tọ́ kí n dárúkọ àgbo tí mo máa ń mu, kí wọ́n má baà rò pé mi ò ka oògùn wọn sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, tàbí tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ń bá dókítà sọ irú nǹkan wọ̀nyí?

Ará Sùúrùlérè

Àǹtí, ẹ kú ìfaradà. Sleeve, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé àpò oúnjẹ kéré, ni wọ́n ṣe fún mi, ohun tó sì ràn mí lọ́wọ́ jù lọ ni pé mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu mi. Mo mú ìwé, mo kọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù sí apá kan, mo kọ ohun tí kò yé mi sí apá kejì, mo sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì dókítà lẹ́yìn tí a kí ara wa tán. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, bí mo bá ní kí n máa sọ ọ́ lẹ́nu, n óò gbàgbé ìdajì rẹ̀, ẹ bá mi kà á." Ó kà á, ó sì ń fi báírò sàmì sí èyí tó bá ti dáhùn. Nígbà tó dé ibi tí mo ti béèrè pé kí ni wọn yóò gé gan-an, ó yí ìwé àyẹ̀wò kan padà, ó ya àpò oúnjẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi báírò kun apá tó tóbi jù. Ó ní gbogbo ibi tí òun kùn yẹn ni yóò jáde, tí í ṣe nǹkan bí ìdá 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, àti pé èyí tó bá ti jáde kò ní padà wọlé mọ́. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń kùn ún ni ó tó yé mi dáadáa.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn dárúkọ iṣẹ́ abẹ fún yín lásán. Ẹ ní kí wọ́n yà á. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi yan irú èyí fún yín tí wọn kò yan irú mìíràn. Sleeve lè mú kí omi kíkan inú ikùn máa gun ọ̀fun, ó sì lè jẹ́ kí èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ le sí i. Bí àyà bá máa ń ta yín lóru, ó yẹ kí dókítà gbọ́ kí ó tó pinnu, nítorí pé bypass, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń sọ àpò oúnjẹ di kékeré tí wọ́n sì ń so ó mọ́ ìfun kí oúnjẹ lè fo apá kan kọjá, ni wọ́n sábà máa ń yàn fún ẹni tí irú ìyẹn bá pọ̀ lára rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì àgbà, Mushin

Arábìnrin mi, ọ̀rọ̀ àgbo ni n óò kọ́kọ́ mú, nítorí pé ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ kí n tó fẹ̀yìn tì, òun ni mo rí tí àwọn aláìsàn ń fi pamọ́ jù. Ẹ dárúkọ rẹ̀. Àwọn ewé àti egbò kan ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì, àwọn mìíràn ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ga tàbí kí ó já wálẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wà lójú oorun, àwọn kan sì ń yọ ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín lẹ́nu. Èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Dókítà kò lè dáàbò bò yín lọ́wọ́ ohun tí kò mọ̀ pé ó wà nínú yín. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ àwọn ewé tó wà níbẹ̀, ẹ gbé ìgò náà dání. Ẹ ka tíì tí wọ́n fi ń fọ́n mọ́ ọn, ẹ ka oògùn ìyàgbẹ́, ẹ ka Alábùkún tí ẹ ń lò bí orí bá ń fọ́ yín, nítorí pé aspirin wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń gún abẹ́rẹ́ ìfọ́nra tuntun, irú Ozempic, ẹ sọ fún dókítà akunnilóorun ní tààrà, nítorí pé abẹ́rẹ́ náà ń jẹ́ kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn, oúnjẹ tó bá sì kù síbẹ̀ lè gun ọ̀fun kí ó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n bá ti kun ènìyàn lóorun.

Ẹ̀rù pé ẹ lè má jí kì í ṣe ohun ìtìjú, kì í sì í ṣe ohun tí a fi ń dákẹ́. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí déédéé lókè òkun, iye ẹni tó ń kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000. Ti ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Ti ọsibítù tí ẹ ń lọ ni kí ẹ béèrè. Ẹ tún béèrè pé kí ẹ rí dókítà akunnilóorun fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ó má jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀. Ẹ sọ fún un bí ẹ bá máa ń hanrun, bí èémí yín bá máa ń dá dúró lójú oorun títí ẹni tí ẹ jọ ń sùn á fi jí yín, nítorí pé àìsàn yẹn wọ́pọ̀ lára ẹni tó sanra, ó sì ń yí ọ̀nà tí wọn yóò gbà ṣọ́ yín lálẹ́ ọjọ́ náà padà. Ẹ sọ genotype yín, ẹ sọ bí ẹ bá ní ikọ́ fée, ẹ sọ iṣẹ́ abẹ ìbímọ tí ẹ ti ṣe rí, ẹ sì sọ bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì sí ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ rí nínú ẹbí yín. Ẹni tó bá ń mu sìgá, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n máa ń fẹ́ kí ó ti fi í sílẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Mo fara mọ́ ohun tí ìyá wa nọ́ọ̀sì sọ. Àtọ̀gbẹ ló gbé èmi dé ìdí bypass, ohun tí mo sì fẹ́ fi kún un ni pé kí a béèrè nípa ọwọ́ dókítà fúnra rẹ̀. Wọ́n tọ́ wa dàgbà pé a kì í yẹ àgbà lọ́wọ́ wò, ojú àgbà ni a sì fi ń wo dókítà. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò dí ìbéèrè lọ́nà; bí a bá ṣe gbé e kalẹ̀ ni. Ohun tí èmi sọ nìyí: "Dókítà, ẹ má bínú, ara mi ni mo fẹ́ gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹni mélòó ni ẹ ti ṣe irú èyí fún? Nínú wọn, ìṣòro wo ni ẹ rí jù, báwo ni ẹ sì ṣe yanjú rẹ̀?" Kò bínú rárá. Ó sọ fún mi pé ojú ibi tí wọ́n rán lè máa jò sínú ikùn, pé ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú, pé ẹ̀jẹ̀ lè dì sí ẹsẹ̀ kí ó sì gòkè lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ìdí sì nìyẹn tí wọn yóò fi fún mi ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí wọn yóò sì ní kí n dìde rìn ní ọjọ́ náà gan-an bí ó tilẹ̀ ń dùn mí. Ó sọ èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti rí àti èyí tí òun kò tíì rí. Lójú tèmi, oníṣẹ́ abẹ tó bá ń bínú sí irú ìbéèrè yìí ti fún yín lésì.

Ìbéèrè mìíràn tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ ní Èkó ni ti ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n máa ń ti òkè òkun wá, wọ́n á ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀nba ọjọ́, wọ́n á sì padà. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, bí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà bá dúró sílé. Ẹ béèrè ẹni náà, ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ béèrè bóyá yàrá ìtọ́jú àkànṣe wà nínú ọgbà ọsibítù náà fún ẹni tí ara rẹ̀ bá yí padà, tàbí wọn yóò máa gbé yín wá ibòmíràn kiri. Ìsàlẹ̀ Èkó ni èmi ń gbé, Ìkẹjà ni wọ́n sì ti ṣe é fún mi, nítorí náà mo béèrè pé bí ìrora bá mú mi ní agogo méjì òru, tí wọ́n sì ti afárá Third Mainland pa fún àtúnṣe, ọsibítù wo ní Erékùṣù ni kí n sáré lọ, ta ni yóò sì bá àwọn dókítà ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò ní èsì rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó wá a, ó sì kọ ọ́ fún mi. Nọ́ńbà ẹni tí yóò gbé fóònù lóru ni kí ẹ gbà, ẹ má gba ti ọ́fíìsì nìkan.

Ẹ wo ìwé àṣẹ ọsibítù náà lọ́dọ̀ HEFAMAA, tí í ṣe àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó àwọn ilé ìwòsàn, kí ẹ sì rí i dájú pé orúkọ dókítà náà wà nínú ìwé MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ti owó, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí níbẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ní láti dá yín padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá sì ní àtọ̀gbẹ bíi tèmi, kí ó béèrè ẹni tí yóò máa dín oògùn rẹ̀ kù, nítorí pé lẹ́yìn bypass ṣúgà lè bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ kí ara tó fọ́n rárá.

Ìyàwó tuntun, Agége

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Èmi náà ń gbèrò rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àna mi ń retí ọmọ. Ṣé ó yẹ kí n sọ ìyẹn fún oníṣẹ́ abẹ, àbí ọ̀rọ̀ ilé ni?

Nọ́ọ̀sì àgbà, Mushin

Ọmọ mi, òun gan-an ni kí o kọ́kọ́ sọ. Wọ́n máa ń ní kí obìnrin dúró tó oṣù 12 sí 18 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kí ó tó lóyún, nítorí pé ara ń fọ́n kíákíá ní àkókò yẹn, oúnjẹ tó yẹ kí ó dé ara ọmọ lè má tó. Bẹ́ẹ̀, bí ara bá ṣe ń fọ́n ni nǹkan oṣù tó ti dàrú lè máa tọ́, tí oyún á sì tètè wọlé ju bí a ṣe rò lọ. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró lè má ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn bypass, nítorí náà béèrè ọ̀nà mìíràn ṣáájú. Mú ọkọ rẹ dání lọ, kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Òun ni yóò mọ bí yóò ṣe gbé e kalẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀.

Onímọ̀ oúnjẹ, Ìkẹjà

Ọ̀rọ̀ òkèlè tí Àǹtí Aláṣọ béèrè wúwo ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n ń fún aláìsàn sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa búrẹ́dì, ìrẹsì àti ẹran, wọ́n á ní kí ènìyàn rún un dáadáa kí ó tó gbé e mì. Ṣùgbọ́n ta ni ń rún ẹ̀bà lẹ́nu láàárín wa? A máa ń gbé e mì ni, ọbẹ̀ ilá tàbí ewédú ni yóò sì fà á lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀nà ti há, òkèlè tí a gbé mì lódindi lè dúró sí ojú kan, kí ó sì mú ìrora àti èébì wá. Nígbà tí ẹ bá wà níwájú dókítà tàbí ẹni tó ń bójú tó oúnjẹ lọ́dọ̀ wọn, ẹ fi ìka yín hàn án bí òkèlè yín ṣe ń tóbi tó, ẹ sọ iye ìgbà tí ẹ ń jẹ ẹ́ lóòjọ́, ẹ sì béèrè oṣù tí ẹ lè dán an wò àti bí yóò ṣe kéré tó. Ọ̀pọ̀ tí mo mọ̀ ni ó ń jẹ àmàlà tó rọ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tó yá. Ohun tó yí padà ni pé ẹja àti ẹran ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ, òkèlè a sì tẹ̀lé e bí àyè bá ṣẹ́ kù.

Púrótéènì ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Nǹkan bí gíráàmù 60 sí 80 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ lóòjọ́, ikùn tí ó ti kéré kò sì lè rí i láti inú ògì lásán. Ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe fi ẹyin, ẹja, mọ́ínmọ́ín, gbẹ̀gìrì àti wàrà tí kò ní ṣúgà ṣe é láti ìgbà oúnjẹ olómi títí dé ìgbà oúnjẹ rírọ̀. Ẹ béèrè nípa omi pẹ̀lú, nítorí pé àwa tí a máa ń fi omi lé oúnjẹ yóò ní láti kọ́ bí a ti ń dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kí a tó mu ún. Bypass tún ní ti ṣúgà: mínírà tàbí ògì tí a bu ṣúgà sí lè mú kí òógùn bo ènìyàn, kí àyà rẹ̀ máa já, kí inú rẹ̀ sì máa ru. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Ramadan tàbí ààwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí dókítà lè sọ ìgbà tí yóò tún lè gbà á láìléwu. Fítámìnì ńkọ́? Títí ayé ni: B12, fítámìnì D, kálísíọ̀mù àti èyí tó ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ látìgbàdégbà. Ẹ béèrè iye tí yóò máa ná yín lóṣù, nítorí pé ẹni tí kò bá lè máa rà á yóò rí ìpalára rẹ̀ nígbà tó bá yá.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé àyẹ̀wò kòkòrò H. pylori, tó wọ́pọ̀ púpọ̀ láàárín wa tó sì ń fa ọgbẹ́ inú. Ẹ béèrè bóyá wọn yóò wá a, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ ṣáájú.

Bàbá Ọ̀gbà

Mo fẹ́ sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Àǹtí ti gbà láti ṣe é, ìpàdé tó ń lọ sì jẹ́ ibi tí ó ti lè sọ pé òun kò ṣe. Lóòótọ́, BMI rẹ̀ ga tó: ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1991 sọ pé 40, tàbí 35 bí àìsàn mìíràn bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ náà sì gbé jáde lọ́dún 2022 ti sọ ọ́ di 35, kódà bí kò bá sí àìsàn mìíràn pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ènìyàn yẹ fún un kò sọ ọ́ di dandan.

Nígbà tí èmi àti ìyàwó mi lọ nítorí irú iṣẹ́ abẹ yìí fún un, oníṣẹ́ abẹ bi í léèrè bóyá ó máa ń jẹun lóru. Mo rò pé yóò ní rárá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ pé láti ìgbà tí ìyá òun ti kú ni òun kò ti lè sùn láìjẹ nǹkan. Èmi ọkọ rẹ̀ kò mọ̀. Dókítà náà kò bá a wí. Ó darí rẹ̀ sọ́dọ̀ onímọ̀ nípa ọkàn àti ìrònú kí wọ́n tó máa bá ọ̀rọ̀ abẹ lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń rí ní Èkó, bí wọ́n bá ti mẹ́nu ba irú dókítà bẹ́ẹ̀, ọkàn àwọn ènìyàn á lọ sí Yábàá, wọ́n á ní wọ́n ń pe àwọn ní wèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ikùn ni abẹ ń mú kéré, kò lè gé ìbànújẹ́ kúrò. Ìyàwó mi pinnu pé òun kò tíì ṣe é, dókítà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún ní kí wọ́n fún yín ní ìwé ìyọ̀ǹda mú relé ṣáájú, kí ẹ má jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí i. Abala 23 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014 sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé fún aláìsàn nípa ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye owó rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ní èdè tí ó yé e níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Bí Yorùbá bá yé yín jù, ẹ sọ pé Yorùbá ni ẹ fẹ́.

Ará Sùúrùlérè

Bàbá, ẹ ṣeun, òótọ́ ni ẹ sọ. Mo kàn fẹ́ kí Àǹtí ya ìbẹ̀rù sọ́tọ̀ kúrò lára ìpinnu. Èmi ti sún ọjọ́ síwájú nítorí irun orí tí mo gbọ́ pé ó máa ń re, mi ò sì sọ fún dókítà pé ìdí nìyẹn, nítorí mo rò pé yóò ní mo ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo wá sọ ọ́, ó ní ó sábà máa ń re láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, pé ó sì máa ń padà hù. Ohun tó dà bíi kékeré lójú yín lè jẹ́ òun gan-an ló ń dá yín dúró. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pẹ̀lú.

Aláṣọ Balógun

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò máa dúró tì yín. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ìgò àgbo náà sì ti wà nínú báàgì. Ìbéèrè kan ló kù: ta ni kí n mú dání? Ọmọ mi ọkùnrin mọ ìwé dáadáa, ó sì lè máa kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin ló fẹ́ wá gbé lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà.

Nọ́ọ̀sì àgbà, Mushin

Bí wọ́n bá gbà kí ẹni méjì wọlé, ẹ mú àwọn méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan, àbúrò yín ni kí ẹ mú, kí ọmọ yín bá yín kọ àwọn ìbéèrè sílẹ̀ dáadáa láti ilé. Ẹni tí yóò wà lọ́dọ̀ yín lóru ni kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ àwọn àmì ewu: ọkàn tó ń lù kìkì láìjẹ́ pé ẹ ṣe iṣẹ́ kankan, ibà, ìrora ikùn tó ń le sí i tàbí tó ń gun èjìká, èébì tí kò jẹ́ kí omi dúró, èémí tó ń há, àti ẹsẹ̀ kan tó wú ju èkejì lọ. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà pé nínú ìwọ̀nyí, èwo ni òun yóò kàn fi fóònù sọ, èwo ni òun kò ní dúró de ilẹ̀ mọ́ fún, kí ó sì kọ nọ́ńbà náà sínú fóònù tirẹ̀ kí ẹ tó kúrò nínú yàrá.